Archimedes, Ọlọ́gbọ́n Ará Syracuse

Láàárín àwọn ọlọ́gbọ́n tí ayé àtijọ́ ní, díẹ̀ ni òkìkí wọn kàn tó ti Archimedes. Àwọn kan mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó fi ẹ̀rọ dá ogun dúró lẹ́yìn odi ìlú rẹ̀. Àwọn mìíràn mọ̀ ọ́n nítorí ìtàn adé wúrà ọba. Ṣùgbọ́n nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń ronú ohun tí ó fẹ́ kí a fi máa rántí òun lẹ́yìn ikú, kò mẹ́nu ba ogun, kò sì mẹ́nu ba adé. Ohun tí ó bẹ àwọn ẹbí rẹ̀ pé kí wọn fi sí ojú oórì òun ni àwòrán bọ́ọ̀lù kan nínú agolo kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ irú ènìyàn tí Archimedes jẹ́ gbọ́dọ̀ mọ ìdí tí ó fi yan àwòrán yìí.

Ìlú Syracuse ni a bí i sí, ní nǹkan bí ọdún 287 ṣáájú ìbí Krístì. Syracuse wà ní etí òkun, ní erékùṣù Sicily, ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Ítálì. Àwọn ará Gíríìkì ni ó tẹ ìlú náà dó ní ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú ìgbà náà, èdè Gíríìkì ni wọ́n sì ń sọ níbẹ̀. Ìlú ọlọ́rọ̀ ni. Ọkọ̀ ojú omi láti ilẹ̀ òkèèrè a máa gúnlẹ̀ sí èbúté rẹ̀. Phidias ni orúkọ bàbá Archimedes. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó máa wo oòrùn, òṣùpá àti ìràwọ̀, kí ó sì máa ṣírò bí wọ́n ti tóbi tó. Ohun tí ẹyẹ bá jẹ ni ẹyẹ í gbé fò: ilé tí ìṣirò ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ni Archimedes ti dàgbà. Hiero ni ó jọba ní Syracuse nígbà náà, ọ̀rẹ́ Archimedes sì ni. Àwọn òpìtàn kan tilẹ̀ sọ pé ìbátan ni wọ́n. Fún Gelon, ọmọ ọba yìí, ni Archimedes kọ ìwé kan tí ó fi hàn pé bí a bá tilẹ̀ fi iyanrìn kún gbogbo àgbáyé láti ilẹ̀ dé ibi tí ìràwọ̀ wà, ènìyàn lè rí orúkọ pe iye ẹyọ iyanrìn náà.

Ní ayé ìgbà náà, Alexandria ní ilẹ̀ Íjíbítì ni ibùjókòó ẹ̀kọ́. Ilé ìkówèésí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ní ayé ìgbà náà wà níbẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé láti ibi púpọ̀ sì ń gbé ibẹ̀. Archimedes ní ọ̀rẹ́ láàárín wọn. Ó a máa kọ̀wé sí Conon, ẹni tí ó bọ̀wọ̀ fún púpọ̀, àti sí Eratosthenes tí ó jẹ́ olórí ilé ìkówèésí náà. Nígbà tí Conon kú, Dositheus ni ó ń fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí. Nígbà mìíràn, ohun tí ó rí nìkan ni yóò kọ, kò ní í kọ ẹ̀rí rẹ̀, kí àwọn tí ó gba ìwé náà lè fi ọpọlọ tiwọn wá a. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé àwọn kan wà tí wọ́n a máa pe ohun gbogbo ní àwárí tiwọn, tí wọn kì í sì í mú ẹ̀rí kankan wá. Nítorí náà ó fi ọ̀rọ̀ méjì tí kò tọ̀nà sáàárín àwọn tí ó tọ̀nà. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé òun ti rí ẹ̀rí gbogbo wọn, àṣírí onítọ̀hún tú. Láti inú èyí ni a ti lè mọ̀ pé ẹ̀rí ni Archimedes kà sí ju ẹnu lọ.

Ọwọ́ rẹ̀ kò dilẹ̀ nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ pẹ̀lú. Ẹ̀rọ kan wà tí a fi orúkọ rẹ̀ pè títí di òní: ọpọ́n gígùn kan tí ó dàbí páìpù, tí a fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́ yíká-yíká sínú rẹ̀. Bí a bá ki ìdí rẹ̀ bọ odò, tí a sì ń yí i, omi yóò máa gun òkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tú sí oko. Àwọn àgbẹ̀ Íjíbítì lò ó fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ó tún ṣe àlàyé bí ọ̀pá ṣe lè fi agbára kékeré gbé ẹrù ńlá, ó sì fi ìṣirò gbè é lẹ́sẹ̀.

Ìtàn tí ó tàn kálẹ̀ jù ni ti adé ọba. Vitruvius, ará Róòmù kan tí ó kọ̀wé ní nǹkan bí 200 ọdún lẹ́yìn ikú Archimedes, ni ó ròyìn rẹ̀ fún wa. Ọba Hiero fún alágbẹ̀dẹ wúrà ní wúrà láti fi rọ adé, ṣùgbọ́n ó gbọ́ lẹ́yìn náà pé alágbẹ̀dẹ náà ti yọ nínú wúrà, ó sì fi fàdákà dípò. Wọ́n wọn adé náà, ó tẹ̀wọ̀n. Báwo ni a ó ṣe mọ òtítọ́ láìba adé jẹ́? Ìtàn náà sọ pé bí Archimedes ti wọ inú ọpọ́n ìwẹ̀, ó rí i bí omi ti ń ṣàn dànù bí ara òun ti ń wọlé, ìdáhùn sì yé e lójú kan náà. Ó fò jáde, ó sì sáré lọ sí ilé ní ìhòòhò, ó ń ké pé òun ti rí i. Ó ti adé bọ omi, ó sì ti wúrà tí ó wúwo tó adé náà bọ omi. Omi tí adé lé jáde pọ̀ ju ti wúrà lọ. Bẹ́ẹ̀ ni olè ṣe hàn.

Omi lè wọn inú ohun wíwọ́ báyìí, ṣùgbọ́n omi kò lè wọn ara òde rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni inú ohun kan, ọ̀tọ̀ sì ni ara òde rẹ̀. Ìwọ̀n inú ni ó ń sọ iye omi tàbí iyanrìn tí ohun kan lè gbà. Ìwọ̀n ara òde ni ó ń sọ iye ọ̀dà tí a ó fi kùn ún, tàbí iye aṣọ tí yóò bò ó ṣánṣán láìjẹ́ pé etí aṣọ kan gun òmíràn. Ara òde bọ́ọ̀lù yìí gan-an ni ó gba Archimedes lọ́kàn.

Ti àpótí rọrùn. Ojú mẹ́fà ni ó ní, gbogbo wọn ni ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ. A ó wọn gígùn àti ìbú ojú kọ̀ọ̀kan, a ó sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ti agolo kò le púpọ̀. Bí a bá bó bébà tí ó wà lára agolo wàrà, tí a sì tẹ́ ẹ sílẹ̀, onígun mẹ́rin ni: gígùn rẹ̀ jẹ́ àyíká agolo, gíga rẹ̀ sì jẹ́ gíga agolo. Òkòtó tí àwọn ọmọdé ń ta pẹ̀lú, bí a bá fi bébà ṣe irú rẹ̀, tí a sì là á lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, yóò ṣe é tẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a bó ọsàn, kí a gbìyànjú láti tẹ́ èèpo rẹ̀ sórí tábìlì. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ níhìn-ín, yóò yọrí lọ́hùn-ún. Bí a bá sì fi ipá tẹ̀ ẹ́, yóò fàya. Kò sí ibì kan lára bọ́ọ̀lù, bí ó ti wù kí ó kéré tó, tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Báwo wá ni a ó ṣe wọn ohun tí kò gba rúlà?

Àwọn ọlọ́gbọ́n tí ó ṣáájú Archimedes ti ṣe iṣẹ́ ribiribi. Eudoxus ti fi ẹ̀rí hàn pé bí òkòtó àti agolo bá dọ́gba ní ìdí àti ní gíga, omi tí òkòtó náà yóò gbà jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta ti agolo. Archimedes kò gba ògo yìí mọ́ onítọ̀hún lọ́wọ́. Ó dárúkọ rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ti ara òde bọ́ọ̀lù, kò sí ẹni tí ó tíì rí ìdáhùn.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọ̀nà tí Archimedes kọ́kọ́ gbà yani lẹ́nu. Ó fi ojú inú gé bọ́ọ̀lù, òkòtó àti agolo sí wẹ́wẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn ń gé iṣu tí yóò fi dín dùndú, ó sì fi ojú inú gbé àwọn ègé náà kọ́ sórí ọ̀pá ìwọ̀n. Ó fi ègé bọ́ọ̀lù àti ti òkòtó sí apá kan, ó fi ègé agolo sí apá kejì, ó sì ṣírò ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò wà kí ọ̀pá náà tó lè dúró gbọọrọ. Báyìí ni ó ṣe rí i pé inú bọ́ọ̀lù gba ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí agolo tí ó bá a mu régí gbà. Ọ̀nà mìíràn tí a lè gbà sọ ọ́ ni pé inú bọ́ọ̀lù tó inú òkòtó mẹ́rin, bí ìdí òkòtó kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ òbìrìkìtì ńlá tí ó gba àárín bọ́ọ̀lù kọjá, tí gíga rẹ̀ sì jẹ́ ìwọ̀n láti àárín bọ́ọ̀lù dé etí.

Láti ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ti fò lọ sí ara òde. Ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òbìrìkìtì dọ́gba pẹ̀lú onígun mẹ́ta kan, èyí tí ìdí rẹ̀ gùn tó àyíká òbìrìkìtì náà, tí gíga rẹ̀ sì tó ìwọ̀n láti àárín dé etí. Ó wá rò ó pé bí ó ti rí fún òbìrìkìtì ni yóò rí fún bọ́ọ̀lù: bọ́ọ̀lù yóò dọ́gba pẹ̀lú òkòtó ńlá kan ṣoṣo, tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ tó gbogbo ara òde bọ́ọ̀lù náà, tí gíga rẹ̀ sì jẹ́ ìwọ̀n láti àárín dé etí. Ṣùgbọ́n òkòtó kékeré mẹ́rin ni bọ́ọ̀lù tó, gíga wọn kò sì yàtọ̀ sí ti òkòtó ńlá yìí. A jẹ́ pé ìdí òkòtó ńlá gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó ìdí àwọn kékeré mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nítorí náà, ara òde bọ́ọ̀lù tó òbìrìkìtì ńlá mẹ́rin.

Ẹlòmíràn ì bá dúró níbẹ̀, kí ó sì máa yọ̀. Archimedes kò dúró. Ó kọ ọ́ sí Eratosthenes pé ọ̀nà ọ̀pá ìwọ̀n yìí dára láti fi fura sí òtítọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lákọ̀tun. Ó kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ kan lélẹ̀ tí kò sí ẹni tí yóò jiyàn rẹ̀: bí ohun kan bá wà nínú òmíràn pátápátá, tí àwọn méjèèjì sì yọ síta láìní kòtò lára, ara òde ti inú kéré sí ara òde ti ìta. Lẹ́yìn èyí, ó ya àwòrán onígun púpọ̀ sínú òbìrìkìtì, ó sì fi ojú inú yí i po. Àwọn ẹ̀gbẹ́ tí ó wà ní òkè pátápátá àti ní ìsàlẹ̀ di òkòtó. Àwọn tí ó wà láàárín di ohun tí ó dàbí korobá tí a ti yọ ìdí rẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju ìdí lọ. Ara òkòtó ṣe é wọ̀n, ara korobá náà sì ṣe é wọ̀n. Àpapọ̀ wọn kéré sí ara bọ́ọ̀lù, nítorí inú bọ́ọ̀lù ni wọ́n wà. Ó tún ya onígun púpọ̀ mìíràn sí ìta, ó sì yí i po bákan náà. Àpapọ̀ ti èyí ju ara bọ́ọ̀lù lọ.

Bọ́ọ̀lù ti bọ́ sáàárín pańpẹ́ wàyí. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà: bí a ti ń fi igun kún igun, bẹ́ẹ̀ ni ti inú ń tóbi sí i, bẹ́ẹ̀ ni ti ìta ń sún mọ́ inú, àlàfo tí ó wà láàárín wọn sì ń tín-ín-rín títí a fi lè mú un kéré tó bí a ti fẹ́. Archimedes wá fi hàn pé bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ara bọ́ọ̀lù ju òbìrìkìtì mẹ́rin lọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò ta ko ti ìta; bí ó bá sì sọ pé kò tó mẹ́rin, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò ta ko ti inú. Ohun tí kò lé, tí kò sì dín, mẹ́rin géérégé ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi iye gbé e wò. Kí a mú bọ́ọ̀lù tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ínṣì 14. Bí a bá lo 22/7 tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀, òbìrìkìtì tí ó gba àárín rẹ̀ jẹ́ ínṣì 154 ní ìwọ̀n onígun mẹ́rin. Ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 616. Èyí ni ara òde bọ́ọ̀lù náà. Kí a wá mú agolo tí bọ́ọ̀lù yìí kò ní í mì nínú rẹ̀, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 14, tí gíga rẹ̀ náà sì jẹ́ 14. Àyíká rẹ̀ jẹ́ 44. Ìlọ́po 44 ní ọ̀nà 14 jẹ́ 616. Ẹ kíyè sí i: bébà tí ó yí ẹ̀gbẹ́ agolo ká tó gẹ́lẹ́ láti bo bọ́ọ̀lù. Bí a bá fi ìdérí àti ìdí agolo kún un, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 154, gbogbo rẹ̀ di 924. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 924 sì ni 616. Nínú, ìdá méjì nínú mẹ́ta. Lóde, ìdá méjì nínú mẹ́ta bákan náà. Èyí ni ohun tí Archimedes rí tí inú rẹ̀ fi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi fẹ́ kí a gbé e sí ojú oórì òun. Àní 22/7 tí a lò yìí, ọwọ́ rẹ̀ ni ó ti wá: ó fi àwòrán onígun 96 há òbìrìkìtì mọ́ bákan náà, ó sì fi hàn pé iye tí a ń wá kò tó 3 1/7, ṣùgbọ́n ó ju 3 10/71 lọ.

Nígbà tí Archimedes ti darúgbó, ogun dé. Àwọn ará Róòmù àti àwọn ará Carthage ń jà, Ọba Hiero sì dúró ti Róòmù títí ó fi kú ní ọdún 215 ṣáájú ìbí Krístì. Ọmọ ọmọ rẹ̀ tí ó jọba lẹ́yìn rẹ̀ yí padà sí ẹ̀yìn Carthage. Bí wọ́n ti pa ọmọ náà ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ìlú dàrú, àwọn tí ó gba àkóso kò sì padà sí ẹ̀yìn Róòmù. Ní ọdún 213, Marcellus, balógun Róòmù, kó ogun wá láti orí ilẹ̀ àti láti ojú omi. Ọkọ̀ ogun 60 ni ó kọjú sí odi tí ó wà ní etí òkun. Archimedes ti múra sílẹ̀. Ó ṣe ẹ̀rọ tí ń ju òkúta sí ọ̀nà jíjìn, ó ṣe òmíràn fún ọ̀nà tí kò jìn, kí ọ̀tá má baà rí ibi sá sí. Ó ṣe ìwọ̀ irin ńlá tí ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí odi, tí ń gbé imú ọkọ̀ sókè, tí ó sì ń já a sílẹ̀ gbì sínú omi. Àwọn kan a máa sọ pé ó fi dígí kó ìtànṣán oòrùn jọ láti sun ọkọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn òpìtàn tí ó kọ́kọ́ kọ ìtàn ogun náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ba àwọn ọmọ ogun Róòmù tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá rí okùn tàbí igi tí ó yọ lórí odi, wọn a fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Marcellus jáwọ́ nínú àtigun odi, ó sì sé ìlú mọ́.

Ohun tí ipá kò lè ṣe, àìṣọ́ra ṣe é. Ní ọdún 212, àwọn ará Syracuse ń ṣe ọdún òrìṣà wọn Artemis, ọtí sì pọ̀. Àwọn ará Róòmù ti rí ibì kan tí odi kò ga jù. Wọ́n gbé àkàbà tì í ní òru, wọ́n sì wọlé. Nígbà tí gbogbo ìlú bọ́ sí wọn lọ́wọ́, ìkógun bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní Marcellus ti pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kan Archimedes. Ṣùgbọ́n ọmọ ogun kan bá a níbi tí ó gbé ń wo àwòrán ìṣirò tí ó yà, tí ọkàn rẹ̀ kò sí nínú ariwo ìlú. Àwọn òpìtàn kò fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Àwọn kan sọ pé ó ní kí ọmọ ogun náà ní sùúrù kí òun parí iṣẹ́. Àwọn mìíràn sọ pé ó ń kó irin iṣẹ́ rẹ̀ lọ bá Marcellus, tí ọmọ ogun rò pé wúrà ni. Gbogbo wọn fohùn ṣọ̀kan pé idà ni ó pa á. Ọmọ nǹkan bí ọdún 75 ni. Ọ̀rọ̀ náà dun Marcellus, ó sì bọlá fún àwọn ẹbí rẹ̀.

Wọ́n sin ín, wọ́n sì gbé bọ́ọ̀lù àti agolo sí ojú oórì rẹ̀ bí ó ti fẹ́. Ṣùgbọ́n ènìyàn a máa gbàgbé. Ní ọdún 75 ṣáájú ìbí Krístì, Cicero, ọ̀dọ́ ìjòyè Róòmù tí a rán wá sí Sicily, bèèrè oórì Archimedes. Àwọn ará ìlú náà sọ pé kò sí irú rẹ̀. Cicero wá a kiri láàárín àwọn oórì tí ó wà lẹ́yìn ẹnu odi, títí ó fi rí òpó kékeré kan tí orí rẹ̀ yọ láàárín ẹ̀gún, tí bọ́ọ̀lù àti agolo sì wà lórí rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi àdá ṣán ọ̀nà dé ibẹ̀. Àlejò ni ó fi oórì ọmọ ìlú han àwọn ará ìlú. Lónìí, kò sí ẹni tí ó mọ ojú ibẹ̀ mọ́.

Díẹ̀ ni ó kù kí ìwé rẹ̀ náà ṣègbé. Ìwé tí ó kọ sí Eratosthenes nípa ọ̀nà ọ̀pá ìwọ̀n, ẹyọ ẹ̀dà kan ṣoṣo ni ó kù láyé ní èdè Gíríìkì, èyí tí a dà kọ sórí awọ ẹran ní bí 1,000 ọdún sẹ́yìn. Ní ọdún 1229, àlùfáà kan tí ó ń wá awọ ìkọ̀wé há ọ̀rọ̀ Archimedes kúrò, ó sì kọ àdúrà lé e lórí. Ní ọdún 1906, Heiberg, ọ̀mọ̀wé ará Dẹ́nímáàkì, rí ìwé àdúrà náà ní ìlú tí a ń pè ní Istanbul lónìí, ó sì mọ ohun tí ó wà lábẹ́ àdúrà. Ìwé náà tún sọnù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 1998, a tà á ní gbàǹjo ní New York ní mílíọ̀nù méjì dọ́là, ẹni tí ó rà á sì gbé e fún àwọn ọ̀mọ̀wé ní Baltimore ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Láàárín ọdún 1999 sí 2008, wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ oríṣiríṣi àwọ̀ àti ẹ̀rọ X-ray tan án, títí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí ojú Heiberg kò rí fi hàn kedere.

Iṣẹ́ tí ó fi ẹ̀mí rẹ̀ ṣe kò sì tíì kúrò nílẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà ni àwọn ẹnjiníà ti ń ya àwòrán ọkọ̀, táńkì, ìgò àti ẹ̀yà ẹ̀rọ lónìí. Wọn kò lè ṣe láìmọ ìwọ̀n ara òde ohun tí wọ́n yà, nítorí òun ni yóò sọ iye ọ̀dà àti iye páànù tí yóò lọ sí i. Òun pẹ̀lú ni yóò sọ bí ohun náà yóò ti tètè tutù sí, gẹ́gẹ́ bí iṣu gbígbóná tí a gé sí wẹ́wẹ́ ti ń tètè tutù ju odidi lọ. Bí ohun náà bá jẹ́ bọ́ọ̀lù, òbìrìkìtì mẹ́rin ti Archimedes ni kọ̀ǹpútà yóò lò. Bí ó bá jẹ́ ohun wíwọ́ tí kò ní orúkọ, ẹ̀rọ náà lè pín ara rẹ̀ sí onígun mẹ́ta wẹ́wẹ́ tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, kí ó sì ro wọ́n pọ̀. Bí wọ́n bá ti kéré tó ni ìdáhùn yóò ti sún mọ́ òtítọ́ tó. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún bọ́ọ̀lù, tí gbogbo igun wọn kan ara rẹ̀, ìdáhùn yóò fi díẹ̀ dín sí òtítọ́, nítorí inú bọ́ọ̀lù ni àwọn onígun mẹ́ta náà wà. Archimedes ti mọ èyí, ìdí nìyẹn tí ó fi há a mọ́ láti inú àti láti ìta. Kọ̀ǹpútà kò sì mọ̀ bóyá ẹ̀yìn ìkòkò nìkan ni a fẹ́ kùn, tàbí ẹ̀yìn àti inú rẹ̀. Bí a kò bá sọ fún un, yóò ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, iye náà yóò sì pé, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí a ń wá. Ẹni tí ó bi í ní ìbéèrè ni ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí òun ń bèèrè.

Àwọn ìwọ̀ irin tí ó gbé ọkọ̀ sókè ti dípẹtà, ìjọba Hiero ti parẹ́, ìjọba Róòmù tí ó ṣẹ́gun rẹ̀ náà ti kọjá lọ. Òbìrìkìtì mẹ́rin kò yẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ lè dán an wò: kí ó gé ọsàn róbótó kan sí méjì, kí ó gbé ojú rẹ̀ lé bébà, kí ó sì fi pẹ́ńsù yí i ká ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Kí ó wá bó èèpo rẹ̀ wẹ́wẹ́, kí ó sì tò ó sínú àwọn òbìrìkìtì náà láìfi àyè sílẹ̀. Èèpo ọsàn náà yóò kún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán, tàbí kí ó kù díẹ̀, nítorí ọsàn kì í sábà yí géérégé. Ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti fi òtítọ́ hàn án. Ẹ̀rí rẹ̀ ni Archimedes fi sílẹ̀ fún un.